Ẹ̀wọ̀n Ìdákọ̀ró Bàbá Suwaibat

Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní, 2024.

Suwaibat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùmù. Mo kí ọ, mo kí Gafar ọkọ rẹ. Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Tèmi, àlàmùdúlílà. Ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi nísàlẹ̀ ikùn ti jinná. Bí mi ò bá fọwọ́ kàn án, mi ò tiẹ̀ ní rántí pé wọ́n rán nǹkan kan níbẹ̀. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Etí nìkan ni kò sàn. Ariwo ẹ́ńjìnnì tọ́ọ̀gì, ọkọ̀ tó ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, tí mo wà nídìí ẹ̀ láti ìgbà èwe mi ti jẹ ẹ́ tán. Bí o bá pè mí lórí fóònù, ṣe ló máa ń dà bíi kí kòkòrò máa kùn nínú agolo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká padà sórí lẹ́tà. Ojú mi ṣì ń ríran, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Jókòó kí o tó kà á.

Ṣé o rántí Òyìnbó tó ni ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ní kílọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́kọ̀ ní Àpápá, tí mo máa ń bá tún ọkọ̀ ṣe lọ́jọ́ Sátidé? Ó ti kó padà sí ìlú wọn. Kó tó lọ, ó ní, "Mísítà Yẹ̀kínì, ìwọ lo mọwọ́ ọkọ̀ yìí, ìwọ ni kí o máa mú un." Ó fún mi tìwétìwé. Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ní yàrá kékeré kan, ibùsùn méjì, àti ibi ìdáná tó jẹ́ pé bí o bá gbé ìkòkò kan kalẹ̀, ọmọrogùn kò ní rí àyè. Èmi àti Ugochukwu la jọ ń tún un ṣe. O mọ̀ ọ́n, Dádì Amarachi tó ń gbé iyàrá kejì sí tèmi, tó máa ń wa kéréènì ní èbúté kó tó fẹ̀yìntì. A ti ha ìdí ọkọ̀ náà, a ti kùn ún ní funfun àti búlúù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé bí ààwẹ̀ bá tán, a ó gba ojú omi láti Àpápá lọ sí Àgbádárìgì, lọ kí Mọ́nsúrátù àbúrò mi. A kò ní kánjú. Ibi tó bá wù wá la ó ju ìdákọ̀ró sí. A ó dáná, a ó fi ìwọ̀ dẹ ẹja, a ó sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́ a ó tún sún síwájú. Bó bá dùn mọ́ wa, a lè dé Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè.

Ohun méjì ló kù: ẹ̀wọ̀n tí a ó so mọ́ ìdákọ̀ró, àti wíńṣì tí yóò máa fà á gòkè. Èyí tí Òyìnbó fi sílẹ̀ ti dípẹtà mọ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kún Malu Road, ṣùgbọ́n tàwọn ọkọ̀ ńlá ni. Ìlú ọlọ́kọ̀ lo wà. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó ní àwọn ṣọ́ọ̀bù etí omi yẹn, kí o sì sọ ohun tí o bá rí fún mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì Oyèníran.


Plymouth,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìrọ́jú etí. Gafar ní kí n kí yín, iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè kọ tirẹ̀.

Bàbá mi, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kí lẹ́tà yín tó dé ni Amarachi ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Bàbá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wà nílẹ̀, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí yín." Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Ta ni wọ́n fẹ́ jù sẹ́wọ̀n? Kí ni bàbá mi ṣe? Mo pè yín, ẹ ò gbọ́. Mo pe Amarachi, kò gbé e. Gafar ti ń bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Èkó bí wọ́n bá mọ lọ́yà. Nígbà tí lẹ́tà dé tí mo rí i pé ẹ̀wọ̀n onírin ni, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni inú wá bí mi.

Ṣé ẹ̀yin náà ni, Bàbá? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la nísàlẹ̀ ikùn lọ́dún tó kọjá, tí dókítà sọ fún pé kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́, òun ló fẹ́ máa fa ìdákọ̀ró nínú ẹrẹ̀? Ẹni tí kò gbọ́ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń fun fèrè bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Dádì Amarachi náà kì í sì í ṣe ọmọdé.

Kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan. Ṣé ẹ rántí bí Ìyá mi ṣe máa ń ṣe bí òjò bá ṣú nígbà tí ẹ wà nínú tọ́ọ̀gì? Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí ẹ ó fi wọlé. Ẹ fẹ̀yìntì, ẹ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, síbẹ̀ bí òjò bá ti ń kù, wọ́n á dìde jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Bàbá mi, ẹ má fi ìjókòó yẹn sílẹ̀ fún mi jogún.

Ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní ra ẹ̀wọ̀n, mi ò sì ní ra wíńṣì. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn mú ọkọ̀ yẹn. Ẹ wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ ó rí omi wò títí yóò fi sú yín, láti orí ilẹ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Suwaibat.


Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kẹta, 2024.

Sí Suwaibat,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. A ti wà nínú ààwẹ̀, kò yẹ kí n fi ẹnu ààwẹ̀ bínú, nítorí náà n ò ní sọ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ tí o sọ wọ̀ mí lára. Èmi náà mọ̀ pé ó máa ń jókòó. Àbí o rò pé mo máa ń sùn ni?

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ mi ṣe ń rí fún ọ. Mo jí, mo kírun, mo jókòó síwájú ilé. Tírélà ń kọjá lọ sí èbúté, tírélà ń dúró. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ á pariwo sí mi létí bí ẹni tó ń bá mi jà. Bó bá sú u, á juwọ́ sí mi, á lọ. Wọn ò ṣe mí níkà o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àga tí òkú fi sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí mi: wọ́n ń yà fún mi, wọn ò gbọdọ̀ jù mí nù, kò sì sẹ́ni tó nílò mi. Nínú ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń pariwo sí mi. Ọwọ́ ni èmi àti Ugochukwu fi ń sọ̀rọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí òun wà lórí kéréènì tí èmi wà nínú tọ́ọ̀gì. Mo wúlò níbẹ̀.

O ní o kò ní ra ẹ̀wọ̀n. Kò burú. Mo ti rà á ní Malu Road lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta àlòkù irin ọkọ̀. Ẹ̀wọ̀n gidi ni, tó ti dá ọkọ̀ ńlá dúró rí. Bí a bá fẹ́ fà á, a ó fọwọ́ fà á. Àwọn tó ṣáájú wa kò ní wíńṣì.

Bá mi kí Gafar.

Bàbá rẹ.


Plymouth.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì. Mo kọ lẹ́tà ìkíni ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ ò fèsì. Mo tún kọ òmíràn, kò sí nǹkan kan. Mo bi Amarachi léèrè, ó ní, "Ara wọn le, Àǹtí. Wọ́n kàn ní kí n má sọ nǹkan kan ni." Kí ni nǹkan tí kò gbọdọ̀ sọ yẹn? Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gba etí omi kọjá. Mo rí màmá arúgbó Òyìnbó kan nínú ọkọ̀ tí kò tóbi ju tiyín lọ. Irun rẹ̀ funfun báláú. Ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ki ọ̀pá irin bọ inú nǹkan kan, ó ń tì í síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga onírin. Kò bẹ̀rẹ̀, kò mí gúlegúle. Ẹ̀wọ̀n sì ń gòkè wá láti inú omi ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ dán an wò?"

Bàbá mi, mo wọ inú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn mi. Mo tì í. Kò le tó títi kẹ̀kẹ́ aláìsàn. A jókòó, ó fún mi ní tíì, ó ń jẹ́ Jean. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á. Ó ní ó máa ń ba òun. Ó ní àmọ́ nígbà tí òun ń jókòó sílé, àwọn ọmọ òun máa ń wá wò ó bóyá òun ti kú lórí àga. Bó ṣe dárúkọ àga báyìí, lẹ́tà yín ni mo rántí. Mi ò lè mu tíì yẹn tán.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ẹni tó ń tajà bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀: báwo ni ọkọ̀ náà ṣe wúwo tó? Ibi tí ẹ ó ti máa dúró, báwo ló ṣe jìn tó? Ṣé ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ àbí iyanrìn? Ibi tí ẹ ó kó ẹ̀wọ̀n sí níwájú ọkọ̀, ṣé ó gbà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun kan wà tí mo ti mọ̀. Ẹ̀wọ̀n Malu Road yẹn kò dára fún ọkọ̀ yín, Bàbá mi. Ẹ má bínú. Ìwúwo rẹ̀ á tẹ imú ọkọ̀ rì sínú omi. Wíńṣì kankan tó bá ọkọ̀ yín mu kò sì lè fà á, torí kẹ̀kẹ́ tó wà lára wíńṣì ní àwọn kòtò kéékèèké tí òrùka ẹ̀wọ̀n ń jókòó sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́tìnnì àti ojú bọ́tìnnì ni. Bí òrùka bá tóbi jù, kò ní wọlé. Bó bá kéré jù, á máa yọ̀.

Mo fẹ́ ra wíńṣì tó ń lo iná bátìrì, kí ẹ kàn máa fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ó lọ rí dókítà kí n tó rà á. Ẹ ó sì máa wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má sọ pé rárá.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má jẹ́ kí ebi pa ọ́ nítorí tèmi. Mo wà. Ohun tí mo ní kí Amarachi má sọ, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ni kò tètè já geere lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a ní ká lọ dán ọkọ̀ wò. A gba ẹ̀yìn èbúté Tin Can, a wá ibi tí omi ti tòrò, a ju ìdákọ̀ró pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n Malu Road. Òótọ́ lo sọ: imú ọkọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ bíi ti ewúrẹ́ tó fẹ́ mumi. Ugochukwu wò ó, ó ní, "Baba Suwe, this one no be chain, na punishment." Mo ní kó jókòó jẹ̀ẹ́. A dáná, a jẹ ìrẹsì. Ó dùn.

Àfi bí atẹ́gùn ṣe yí padà. Mo gbójú sókè, mo rí ojú-oró tó ń bọ̀ lórí omi, tó fẹ̀ bí oko, àbí kí n ní bí ẹní ńlá tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀ tó wá ń rìn. Ó wá dì mọ́ imú ọkọ̀ wa, ó ń tì wá sẹ́yìn, ìdákọ̀ró sì ń wọ́ tẹ̀lé wa. Ẹ̀yìn wa sì rèé, àwọn òpó irin èbúté àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé ká fa ìdákọ̀ró ká kúrò. Ugochukwu fà á, kò gòkè. Mo fẹ́ bá a fà á. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí, mo rí ẹnu rẹ̀ pé ó ń pariwo: "Comot hand! You wan make dem sew you again?"

Suwaibat, mo yọ ọwọ́ mi. Mo wo òpó irin tó ń súnmọ́ wa, mo wo ọ̀rẹ́ mi tí iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá fà á, ikùn mi á já. Bí n kò bá fà á, ọkọ̀ á fọ́. Mo wá tú ìdí ẹ̀wọ̀n kúrò lára ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ sáré wọ omi lọ pẹ̀lú ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ fò sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì, a yà kúrò. Ó kù díẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ kan òpó.

A délé láìfarapa. Ṣùgbọ́n a kò lè wo ojú ara wa. Mo ti ń rò ó pé kí n gbé ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn, kí n sì padà sórí àga mi. Inú ìyẹn ni mo wà tí lẹ́tà rẹ fi dé. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti wọ inú ọkọ̀ arúgbó yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, mo pe Ugochukwu, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó pàtẹ́wọ́. Má yọ̀ jù o, ṣùgbọ́n o ṣe ọmọ.

Mo ti lọ rí dókítà. Mo ṣàlàyé wíńṣì fún un, mo yà á sórí ìwé. Ó ní, "Bàbá, ẹ lè máa tì. Gbígbé ni mi ò fẹ́." Nítorí náà, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì ni kí o rà, irú ti màmá yẹn, má ra oníná. Bátìrì ọkọ̀ náà kéré, iyọ̀ omi a sì máa jẹ wáyà. Lọ́jọ́ tí ojú-oró bá tún dé, mi ò fẹ́ máa tẹ bọ́tìnnì kí nǹkan máa wò mí. Apá mi méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Má gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.

Ìwọ̀n gbogbo ohun tí o bèèrè wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú. Ibi tí a ó ti máa dúró kò jìn, bí èèyàn méjì bá gun ara wọn léjìká, orí ẹnì kejì á yọ.

Bàbá rẹ tó ń dúpẹ́.


Plymouth.
Ọjọ́ kejì oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu! Mo ka ibi òpó irin yẹn lórí ìdúró. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì Amarachi. Ẹ sọ fún wọn pé ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n fi tì yín, Ọlọ́run ló rán an.

Mo ti ra ẹ̀wọ̀n àti wíńṣì. Mo ti san owó oníná tẹ́lẹ̀ kí lẹ́tà yín tó dé, mi ò ní purọ́. Mo bínú, mo ní, "Bàbá yìí kì í gbọ́ràn." Gafar gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní, "Suwaibat, wọ́n ní kí o má gba apá wọn. Kí ni o tún fẹ́ kí wọ́n sọ?" Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Irin ẹ̀wọ̀n náà kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i. Ẹni tó ń tajà ní kì í ṣe sísanra nìkan ló ń mú ọkọ̀ dúró. Ó ní gígùn rẹ̀ tó nà sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn rí ìdákọ̀ró fà tu, torí náà kí ẹ má ṣahun bí ẹ bá ń tú u sílẹ̀. Wọ́n ti fi síǹkì bò ó kó má baà dógùn-ún. Mo ra ọgbọ̀n mítà, mo sì fi okùn tó lágbára kún un, torí bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ irin, imú ọkọ̀ á tún tẹ̀. A fi ẹ̀wọ̀n náà sórí kẹ̀kẹ́ wíńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù. Òrùka kọ̀ọ̀kan jókòó sí kòtò rẹ̀ bí ẹyin nínú kíréètì. Jean wá bá mi lọ, òun ló yan ìdákọ̀ró, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ọkọ́, fún ẹrẹ̀.

Gafar ló gbé e dé ilé. Ó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì, ó ti fọwọ́ mú ìbàdí láti àná, ó ní òun náà nílò wíńṣì. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù, aṣọ ló yí i ká. Ẹ̀wù méjì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló wà lókè pátápátá, kó jẹ́ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ó ń bọ̀ nínú kọ̀nténà, Lucky tó jẹ́ ajẹ́ǹtì ní Wharf Road ni yóò gbà á fún yín.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo kàn ti pinnu pé kí n fún ẹ̀rù náà ní ẹ̀wọ̀n tó dára ni.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Inú ọkọ̀, Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, 2024.

Suwaibat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tó sàn ju ọgọ́rùn-ún lọ,

Wo ibi tí mo ti ń kọ̀wé sí ọ! Orí itan mi ni mo tẹ́ ìwé lé. Bí ìlà bá wọ́, omi ni kí o bá wí.

Kọ̀nténà pẹ́ kó tó jáde ní Tin Can, o mọ bí tírélà ṣe máa ń tò síbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọ ilé Lucky ní Wharf Road. Nígbà tó rí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé àga fún mi, ó ní, "Daddy, sit down, your chain dey come." Nígbà tó wá dé, Obinna tó ń jó irin ní Malu Road bá wa ṣe irin pẹlẹbẹ tó nípọn sábẹ́ ibi tí wíńṣì jókòó sí, kí ó má baà fa òkè ọkọ̀ ya. Ó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é. Mo fi ẹsẹ̀ tì í, mo fi ìdí tì í, kò mì.

A kúrò ní Àpápá lẹ́yìn ìrun àárọ̀. A bi òpó ìgbòkun lulẹ̀ ká lè gba abẹ́ afárá, lẹ́yìn náà a tún gbé e dúró. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, a rí ibì kan tí àgbọn tò sí létí omi, mo ní ibẹ̀ la ó dúró sí. Mo tú ìdákọ̀ró sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n mo bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé òkè ọkọ̀, mo sì ń mọ òrùka kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá: tẹ́, tẹ́, tẹ́. Mi ò ṣahun, mo tú u dáadáa. Mo wá fọwọ́ lé ẹ̀wọ̀n náà. Bí ìdákọ̀ró bá ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n á máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́. Kò gbọ̀n. Ó dákẹ́ bí ọmọ tó ti sùn. Mo sọ fún Ugochukwu pé ó ti mú. Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí.

Ojú-oró dé lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń mu ògì lọ́wọ́. Kò pọ̀ tó tọjọ́sí. Mo ki ọ̀pá bọ wíńṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ẹ̀wọ̀n ń gòkè pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú, Ugochukwu ń bu omi fọ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀rẹ̀, mi ò gbé nǹkan kan, ikùn mi kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kí ojú-oró tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìdákọ̀ró ti wà lókè, a ti ń lọ. A wò ó bó ṣe ń kọjá. Ẹyẹ lékeléke mẹ́ta dúró lórí rẹ̀, wọ́n ń wọkọ̀ ọ̀fẹ́.

Àwa méjèèjì wọ ẹ̀wù tí o fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ugochukwu ní òun dà bí àpò ìrẹsì tí wọ́n fún lọ́rùn, kò sì bọ́ ọ.

A dé Àgbádárìgì lánàá. Àwọn apẹja ló lọ sọ fún Mọ́nsúrátù pé bàbá arúgbó kan wà lójú omi tó ní òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá sí etí omi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú agbòjò. Ó dúró lórí iyanrìn, ó fọwọ́ lérí, mo rí i pé ó ń sunkún. Ugochukwu fi ọkọ̀ ọ̀kan nínú àwọn apẹja gbé e wá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ọkọ̀ wa, ẹkún tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú igbá yìí lẹ ti wá láti Èkó? Ta ló fọ ìkòkò yìí?" Ó ti tún ìkòkò fọ̀, ó ti tún ibùsùn tẹ́, ó ti bi Ugochukwu pé kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó wá. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo ń wo ojú rẹ̀. Ojú ìyá wa ni.

Ó ní òun fẹ́ kí a gbé òun dé òdìkejì, níbi tí iyanrìn òkun wà, torí láti ìgbà tí òun ti ń gbé ìlú yìí, iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ní ọjọ́ kan tí òun kàn fi rìn káàkiri. Mo ní kó jẹ́ kí n parí lẹ́tà ọmọ mi. Ó ní lẹ́tà wo? Ó bi mí ní ohun tí irin iwájú yẹn wà fún. Mo ṣàlàyé fún un pé ìwọ lo rà á, pé bí èèyàn bá ń ti ọ̀pá rẹ̀, ẹ̀wọ̀n á máa gòkè. Ó lọ dúró tì í, ó ń wò ó. Mo padà sídìí ìwé mi.

Suwaibat, mo ń gbọ́ ẹ̀wọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi báyìí: tẹ́, tẹ́, tẹ́. Mo gbójú sókè. Àǹtí rẹ ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó ti gbá ọ̀pá mú, ó ń tì í bí ọmọ ogún ọdún, Ugochukwu ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì. Ìdákọ̀ró ti kúrò nílẹ̀, a ti ń sún lọ, mo gbọdọ̀ sáré lọ sídìí ẹ́ńjìnnì.

Bàbá rẹ.